Télọ̀, Ọ̀rọ̀ Tó Gbé Bàbá Dé Pobẹ̀

Ẹ̀rọ ìránṣọ náà dákẹ́ lójijì láìtíì dé etí aṣọ. Abẹ́ tábìlì ni mo wà, mò ń ṣa àgékù aṣọ sínú igbá. Mo rí ẹsẹ̀ Bàbá lórí irin tó máa ń tẹ̀: kò gbé e kúrò níbẹ̀, kò sì tẹ̀ ẹ́ mọ́. Àwọn ìka ẹsẹ̀ náà ń gbọ̀n. Mi ò rí kí ẹsẹ̀ Bàbá gbọ̀n rí. Ìgbà yẹn ni èmi náà wá gbọ́ ohun tó ti gbọ́ ṣáájú mi, ìró bàtà líle lórí òkúta wẹ́wẹ́ iwájú ilé, bàtà ènìyàn tó ju ẹnì kan lọ, tí wọ́n ń bọ̀ láìkánjú.

"Má jáde," ni Bàbá wí, kò wo ilẹ̀. "Bí wọ́n bá bi ọ́, aránṣọ ni mí."

Mo fẹ́ sọ fún un pé ọ̀rọ̀ náà ti bọ́ lẹ́nu mi. Ó ti pé ọjọ́ mẹ́rin tí mo ti ń fẹ́ sọ ọ́, ẹnu mi kò sì gbà á.

Kì í ṣe òun ló bí mi. Aládùúgbò wa ni ní Sakẹ́tẹ́, ògiri kan ṣoṣo ló wà láàárín ilé rẹ̀ àti tiwa. Bàbá tó bí mi ti kú kí n tó mọ ojú rẹ̀. Ọṣẹ dúdú ni ìyá mi ń sè tà, nítorí náà òórùn eérú àti àdín kì í kúrò nílé wa. Tí mo bá ti ti ilé ìwé dé, ilé Bàbá ni mo ń sá lọ. Òórùn tibẹ̀ yàtọ̀. Epo ẹ̀rọ wà níbẹ̀, aṣọ tuntun tí omi kò tíì kàn wà níbẹ̀, àti èédú tó ń jó díẹ̀díẹ̀ nínú irin tó fi ń lọ aṣọ. Mùsùlùmí ni, ọmọ ìdílé oníṣòwò. Bí àkókò ìrun bá tó, á fọ ọwọ́ àti ẹsẹ̀ nídìí àmù, á kírun tán lórí ẹní kékeré kan, á sì padà sídìí ẹ̀rọ bí ẹni pé kò kúrò níbẹ̀. Kò lọ́mọ nílé mọ́. Àwọn tirẹ̀ ti lọ́kọ, wọ́n ti láya, wọ́n sì ti tú ká. Mo máa ń fi òwú sí ojú abẹ́rẹ́ fún un, òun náà á fún mi ní àgékù tí mo fi ń rán aṣọ fún ọmọláńgidi.

Kí ogun tó dé, Bàbá Télọ̀ ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Èkó ló ti kọ́ṣẹ́. Ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ kan tó ń ṣòwò obì ló mú un lọ síbẹ̀ nígbà tí irùngbọ̀n kò tíì hù lágbọ̀n rẹ̀, ó sì lo ọdún méje lọ́dọ̀ ọ̀gá. Nígbà tó ń bọ̀ wálé, alágbàárù méjì ló ru ẹ̀rọ rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ gbé àpótí kékeré kan tí ìwé òmìnira iṣẹ́ rẹ̀ wà nínú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà bá a wálé pẹ̀lú.

Mo bi í lọ́jọ́ kan ìdí tí wọn kò fi pè é ní aránṣọ nìkan. Ó tẹ́ aṣọ funfun kan sórí tábìlì, ó ń fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sí i. Ó fa ìlà náà dé òpin kó tó dá mi lóhùn.

"Aránṣọ ti wà nílùú yìí kí wọ́n tó bí bàbá bàbá mi," ló wí. "Ẹ̀já aṣọ òkè ni wọ́n ń rán mọ́ra wọn, etí kan mọ́ èkejì. Kò sóhun tí wọ́n ń gé níbẹ̀. Ìgbà tí aṣọ fífẹ̀ dé láti òkè òkun ló di pé ẹnì kan gbọ́dọ̀ gé e kó tó lè bá ara ènìyàn mu. Ọ̀gá mi sọ fún mi pé ohun tí télọ̀ túmọ̀ sí nìyẹn. Ẹni tó ń gé. Rírán ò sí nínú orúkọ yẹn rárá."

"Ṣé gígé le ju rírán lọ ni, Bàbá?"

"Bí mo bá ṣì í rán, màá tú u. Bí mo bá ṣì í gé, aṣọ ẹni ẹlẹ́ni ti lọ nìyẹn." Ó mú àlùmọ́gàjí rẹ̀, ó ní "Bísímíláì" lábẹ́nu. "Mo ti dàgbà tó yìí, ẹ̀rù rẹ̀ ṣì ń bà mí."

Ó gé aṣọ náà. Mo rántí ìró àlùmọ́gàjí yẹn lórí pákó, ìró gbígbẹ, tó lọ gbọọrọ láìdúró.

Lẹ́yìn èyí ni ogun ńlá àwọn òyìnbó dé. Àwa kò rí ọmọ ogun tó ń jà. Ohun tí a rí ni pé àwọn Faransé tó ń ṣàkóso wa àti àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó wà ní òdìkejì kò rẹ́ mọ́. Wọ́n ti ààlà. Ọ̀nà tí ìyá mi máa ń gbà lọ ra kán-ún ní Ìlaró, tí a ń gbà lọ ìgbéyàwó, tí a ń gbà lọ ìsìnkú, ó di ọ̀nà tí ènìyàn lè bá gáàdì pàdé. Gáàdì ni a ń pe àwọn tó wọ kakí, tó ń jíṣẹ́ fún kúmándà, òyìnbó tó wà ní ọ́fíìsì Pobẹ̀. Akéde lu agogo káàkiri ìlú pé ẹni tí wọ́n bá ká ohun àwọn Gẹ̀ẹ́sì mọ́ lọ́wọ́, amí ni. Kò sọ ohun tí ohun àwọn Gẹ̀ẹ́sì jẹ́. Ìyẹn ló bà wá lẹ́rù jù. Ọkùnrin kan ní Ìta-Ìjẹ̀bú fi èdè Gẹ̀ẹ́sì kí ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ́jà, ó ń ṣeré ni. Kí ọjà tó tú, wọ́n ti mú un lọ, ìyàwó rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í bá àwọn èrò ọkọ̀ sọ̀rọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, bóyá ẹnì kan rí i níbì kan.

Láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn, télọ̀, ọ̀rọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì, kúrò lẹ́nu gbogbo àdúgbò. Bàbá fúnra rẹ̀ ló lọ láti ojúlé dé ojúlé, tó ń bẹ àwọn ènìyàn pẹ̀lẹ́. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ wa, ìyá mi ń ro ọṣẹ lórí iná. Kò dá ọwọ́ dúró, ó kàn yíjú sí mi.

"Láti òní lọ, Bàbá Aránṣọ ni. Ṣé o gbọ́?"

"Mo gbọ́, Ìyá."

"Tún un sọ."

Mo tún un sọ. Mo sì pa á mọ́ fún bí oṣù méjì.

Ilé ìwé àwọn Àgùdà ni mo ń lọ. Àwa ọmọbìnrin kò pọ̀ níbẹ̀, ìyẹn sì jẹ́ kí n máa wá ohun tí màá fi hàn pé mo mọ̀wé. Olùkọ́ wa, mẹ́tìrì bí a ṣe ń pè é, ọmọ Gùn láti Pọ́tọ̀-Nófò ni. Lọ́jọ́ kan ó gbé àwòrán àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ kọ́ sára ògiri, ó ń fi ọ̀pá tọ́ka sí wọn pé kí a dárúkọ wọn ní Faransé. Ó kan ọkùnrin tó mú àlùmọ́gàjí. Ẹnikẹ́ni kò mọ̀ ọ́n. Mo na ọwọ́ sókè, mo sì pe ọ̀rọ̀ tó wà lórí ahọ́n mi.

"Télọ̀."

Mẹ́tìrì rẹ́rìn-ín. Ó ní mo gbìyànjú, ó kù díẹ̀. "Tayẹ̀ẹ̀," ló pè é, ó ní kí n pè é tẹ̀ lé òun.

Ká ní mo pè é tẹ̀ lé e ni, ọ̀rọ̀ ì bá parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ tó kù ti ń rẹ́rìn-ín mi, ojú sì ń tì mí. Mo ní, "Mẹ́tìrì, télọ̀ ni. Bàbá ẹ̀gbẹ́ ilé wa ló kọ́ mi. Èkó ló ti kọ́ ọ."

Ẹ̀rín tán lójú mẹ́tìrì. Ó wo fèrèsé, ó wo ìjókòó ẹ̀yìn níbi tí ọmọ ògbufọ̀ kúmándà jókòó sí, lẹ́yìn náà ló wò mí. "Jókòó," ló wí. Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi mọ̀ pé nǹkan ti ṣẹlẹ̀. Nígbà tí a jáde, ó pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ igi, ó ní kí n má tún sọ ọ́ níbikíbi mọ́. Ọwọ́ rẹ̀ tutù lórí èjìká mi.

Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi dúró de ohun tó ń bọ̀. Oúnjẹ kò lọ lọ́fun mi, ìyá mi rò pé ibà ni, ó fún mi ní àgbo. Bí mo bá ń ti ilé ìwé bọ̀, màá dúró kí n tó yà sí àdúgbò wa, màá tẹ́tí. Bí mo bá gbọ́ ìró ẹ̀rọ Bàbá, màá mí. Màá wá sáré wọlé lọ bá a, pẹ̀lú ìpinnu pé màá sọ fún un lónìí. Tí ó bá ti wá bi mí pé báwo ni ilé ìwé, màá ní dáadáa ni.

Ní ọjọ́ kẹrin ni ẹ̀rọ dákẹ́.

Gáàdì méjì ló wọlé, ògbufọ̀ sì tẹ̀ lé wọn. Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni ògbufọ̀ náà, aṣọ rẹ̀ funfun. Bàbá ló rán an. Ó jókòó sórí àpótí láìjẹ́ pé wọ́n ní kó jókòó.

"Kí ni iṣẹ́ rẹ?" ló bi Bàbá.

Mi ò tíì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni nílùú wa bá Bàbá sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá ọmọdé sọ̀rọ̀. Ìyẹn bà mí lẹ́rù ju ọ̀pá ọwọ́ àwọn gáàdì lọ.

"Mò ń ránṣọ ni," ni Bàbá dáhùn. "Ẹ̀yin náà mọ̀."

"Kí ni wọ́n ń pe ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ náà?"

"Aránṣọ."

Ògbufọ̀ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wo abẹ́ tábìlì. Ojú rẹ̀ àti tèmi ṣe mẹ́rin. "Ìwọ, kí lo pè é ní ilé ìwé?"

Mo la ẹnu, ohùn kò jáde. Omi gbígbóná ń ṣàn wálẹ̀ lẹ́sẹ̀ mi, ó ń rin àwọn àgékù aṣọ. Gáàdì kan ti na ọwọ́ sí mi, ó ti di ọrùn ọwọ́ mi mú, nígbà tí mo gbọ́ ohùn Bàbá lókè orí mi.

"Télọ̀ ni. Èmi ni mo kọ́ ọ, mo sì mọ ibi tí mo ti kọ́ ọ. Ẹ fi ọmọ sílẹ̀."

Gáàdì náà tú ọwọ́ rẹ̀. Wọ́n tú ilé. Wọ́n rí ìwé òmìnira nínú àpótí, ìwé tó ti pọ́n, tí wọ́n fi èdè Gẹ̀ẹ́sì kọ, tí òǹtẹ̀ wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ògbufọ̀ gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀ bí ẹni tó rí ohun tó ń wá. Wọ́n mú Bàbá lọ sí ibùdókọ̀ ojú irin. Kò wẹ̀yìn. Ògbufọ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní kí ìyá mi mú mi wá sí Pobẹ̀ lọ́jọ́ kejì, nítorí èmi ni ẹlẹ́rìí.

Ìyá mi kò nà mí. Ó wẹ̀ mí, ó wọ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì fún mi, a sì wọ ọkọ̀ ojú irin ní àárọ̀. Ní gbogbo ọ̀nà, láàárín oko ọ̀pẹ tí kò lópin, ọwọ́ mi wà nínú ọwọ́ rẹ̀, kò sì sọ ju ọ̀rọ̀ kan lọ. "Ohun tó o mọ̀ ni kí o sọ. Má fi kún un."

Ọ́fíìsì kúmándà tutù, ó sì ṣókùnkùn lẹ́yìn oòrùn ìta. Bàbá dúró lójú kan láìsí fìlà lórí. Mi ò rí orí rẹ̀ láìsí fìlà rí. Ó funfun, ó kéré. Mẹ́tìrì náà wà níbẹ̀, wọ́n ti pe òun náà, ó ń di fìlà rẹ̀ mú lọ́wọ́ méjèèjì. Òyìnbó náà ń ka ìwé Bàbá. Ó jẹ́ ẹni tó ti ń dàgbà, ikọ́ sì ń ṣe é. Ògbufọ̀ sọ̀rọ̀ títí ní Faransé, ó ń na ìka sí Bàbá, ó ń na ìka sí mi. Ìwọ̀nba tí mo gbọ́ níbẹ̀ ni Èkó, àti amí.

Òyìnbó gbé ojú sókè. Ó béèrè nǹkan, ògbufọ̀ sì yí i sí Yorùbá fún mi.

"Kí ni bàbá yìí sọ fún ọ pé ọ̀rọ̀ náà túmọ̀ sí?"

Mo wo ìyá mi. Mo wo Bàbá. Ó mi orí díẹ̀ pé kí n sọ ọ́.

"Ẹni tó ń gé," ni mo wí. "Ó ní kò sí rírán nínú rẹ̀."

Ògbufọ̀ fẹ́ máa bá tirẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n òyìnbó ní kó túmọ̀ ohun tí mo wí. Ó túmọ̀ rẹ̀ tìkọ̀tìkọ̀. Ìgbà náà ni mẹ́tìrì sọ̀rọ̀, kò sẹ́ni tó bi í. Ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n bí ti ọmọ tí kò mọ iṣẹ́ rẹ̀. Kò ju gbólóhùn méjì lọ, mo sì gbọ́ tayẹ̀ẹ̀ àti télọ̀ nínú wọn. Òyìnbó wò ó, ó dìde, ó fa ìwé atúmọ̀ ọ̀rọ̀ ńlá kan yọ látinú kọ́bọ́ọ̀dù, ó sì ṣí i láàárín eruku. Ó fi ìka tẹ̀ lé ìlà kan. Ó mí jáde nímú, bí ẹni tó fẹ́ rẹ́rìn-ín tí kò rẹ́rìn-ín.

Ẹnu ògbufọ̀ ni a ti gbọ́ ohun tó wí. Ó ní láyé àtijọ́, ọba kan kọjá omi láti ilẹ̀ Faransé lọ jọba lé àwọn Gẹ̀ẹ́sì lórí, àwọn ìjòyè rẹ̀ sì gbé èdè wọn dání. Ọ̀rọ̀ yìí wà lára ohun tí wọ́n gbé lọ. Gígé ló túmọ̀ sí lóòótọ́, kódà ẹni tó ń gé òkúta ń jẹ́ ẹ nílẹ̀ tiwọn. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì kàn yí i lóhùn ni, bí àwa náà ṣe yí i. Tayẹ̀ẹ̀ àti télọ̀, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n.

Ìyá mi fún ọwọ́ mi mọ́ra. Mo rò pé ó ti parí, pé a ó jọ padà sílé.

Òyìnbó tún sọ̀rọ̀. Ó pa ìwé náà dé. Ó ní ọ̀rọ̀ náà kò jẹ̀bi, ṣùgbọ́n ọkùnrin náà ti gbé lọ́dọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì, ìwé wọn sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Níwọ̀n bó ti jẹ́ tayẹ̀ẹ̀, aṣọ àwọn gáàdì ti ń ya. Kó jókòó sí Pobẹ̀ kó máa rán an, títí òun yóò fi ní kó máa lọ.

Òjò kan àti ẹ̀ẹ̀rùn kan ni Bàbá fi wà níbẹ̀. Ìyá mi máa ń fi oúnjẹ rán àwọn obìnrin tó ń lọ sí ọjà Pobẹ̀. Àwọn náà máa ń mú ìròyìn bọ̀: ó wà nínú yàrá kan lẹ́yìn ọ́fíìsì tó ní fèrèsé kékeré kan, kakí nìkan ló ń rán, ojú ń dùn ún. Ẹ̀rù ohun tí wọn kò sọ máa ń bà mí. Mo dẹ́kun sísọ̀rọ̀ ní ilé ìwé. Bí mẹ́tìrì bá béèrè nǹkan, màá wolẹ̀, kódà bí mo bá mọ̀ ọ́n. Ó yé mi nígbà yẹn pé ohunkóhun tó bá jáde lẹ́nu mi lè lọ mú ẹnì kan nílé rẹ̀.

Ó padà dé ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ó ti rù, àpò kan lọ́wọ́ rẹ̀. Gbogbo àdúgbò lọ kí i. Èmi kò lọ. Ìgbà tí àwọn ènìyàn tú ká ni ìyá mi tì mí wọlé tọ̀ ọ́. Mo kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, mo bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ ẹ́, ẹkún kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ mi yé ẹnikẹ́ni.

Ó dúró títí mo fi sunkún tán. "Mẹ́tìrì yín wá kí mi ní Pobẹ̀," ló wí. "Ẹ̀ẹ̀mejì ló wá. Ó ní o kì í sọ̀rọ̀ mọ́ ní kíláàsì."

Mo ń fi ìka fa ìlà sórí ilẹ̀.

"Ìyẹn dùn mí. Gbogbo kakí tí mo rán kò dùn mí tó o." Ó nu ojú rẹ̀ tó ti pọ́n. "Kí ni mo ń ṣe jẹun?"

Mo wo ẹnu ọ̀nà kí n tó dáhùn. Ó rí i pé mo wò ó. Mo pe ọ̀rọ̀ náà lábẹ́ ahọ́n.

"Mi ò gbọ́."

Mo tún un pè. Ó ní òun ṣì ń retí. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, ìyá mi dáhùn láti òdìkejì ògiri pé òun ti gbọ́, Bàbá sì rẹ́rìn-ín. Mo tún wo ẹnu ọ̀nà. Kò sí ẹni tó wá.

Bàbá kò tún gé aṣọ púpọ̀ lẹ́yìn ìgbà náà. Ojú rẹ̀ kò gbé e mọ́. Ó kọ́ mi ní gígé, òun ló sì mú mi dání títí mo fi ń jẹun nídìí iṣẹ́ náà. Wọ́n ti ṣí ààlà, àwọn Faransé ti lọ, àwọn ọmọ Sakẹ́tẹ́ òde òní sì ń pè wá ní kutiríyẹ̀, bí àwọn Faransé ṣe ń pe aránṣọ, wọn kò bìkítà nípa ẹni tó gbọ́.

Mo ti dàgbà ju Bàbá ìgbà yẹn lọ. Ẹ̀rù ọjọ́ yẹn kò tíì kúrò lára mi. Bí ẹni tó wọ kakí bá bi mí ní ìbéèrè tó rọrùn jù lọ, màá kọ́kọ́ wolẹ̀ kí n tó dáhùn. Ṣùgbọ́n èyí tó ń jí mi sílẹ̀ kì í ṣe ìyẹn. Mo mọ̀ pé ẹ̀rù ń ba Bàbá lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, nítorí mo rí ẹsẹ̀ rẹ̀. Síbẹ̀ ó la ẹnu rẹ̀ nítorí ọmọ ọlọ́mọ, ọmọ tó ti tú àṣírí rẹ̀. Títí di òní, Ọlọ́run kò tíì gbé irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ka iwájú mi. Mo dúpẹ́ fún ìyẹn, nítorí mi ò mọ̀ bóyá ohùn á jáde.